Eré Orí Tábìlì àti Àwọn Tí Ó Jókòó Tì Í

Ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ ń ka ìwé ọdọọdún yìí, ẹ má ṣe jẹ́ kí ó yà yín lẹ́nu pé ọ̀rọ̀ eré ni a mú wá fún yín. A mọ̀ pé ẹni tí ó ti lé ní ogójì ọdún, tí ó sì ń ka Ìwé Mímọ́ sí etí ìjọ ní ọjọ́ Ìsinmi, kì í ṣe ẹni tí ó yẹ kí a bá nídìí dáìsì. Ṣùgbọ́n nídìí dáìsì náà gan-an ni a ti rí i pé a kò mọ ọmọ tí a bí tó bí a ti rò, nítorí náà ni a ṣe mú kálámù.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2022, ọmọ ẹ̀gbọ́n wa kan tí a bí sí ìlú Lọ́ńdọ̀nù wá bá wa ṣe ọdún Kérésìmesì ní Èkìtì. Ìwé ńláńlá mẹ́ta ni ó wà nínú àpótí rẹ̀, pẹ̀lú àpò kékeré kan tí dáìsì méje wà nínú rẹ̀. Dáìsì wọ̀nyí kò dà bí èyí tí a fi ń ta lúdò. Lóòótọ́ ọ̀kan nínú wọn ní ojú 6, ṣùgbọ́n ọ̀kan ní ojú 4, ọ̀kan ní 8, méjì ní 10, ọ̀kan ní 12, èyí tí ó sì jẹ́ olórí wọn ní ojú 20. Orúkọ eré náà ni Dungeons & Dragons, èyí tí í ṣe ihò abẹ́ ilẹ̀ àti dírágónì. Bí a ti ń ṣe é ni èyí: ẹnì kan yóò jẹ́ olùdarí, ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú àwọn yòókù yóò sì mú ẹ̀dá ìtàn kan ní tirẹ̀. Olùdarí a máa sọ ibi tí wọ́n wà àti ohun tí wọ́n rí. Àwọn yòókù a sì máa sọ ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe sí i. Bí ohun náà bá jẹ́ èyí tí ó lè yọrí sí rere tàbí sí búburú, ẹni náà yóò ju dáìsì olójú 20, yóò fi iye tí a ti kọ fún ẹ̀dá rẹ̀ kún un. Bí àpapọ̀ rẹ̀ bá tó iye tí olùdarí ń béèrè, ó ti ṣe é nìyẹn. Bí kò bá tó, ó di ọ̀ràn.

Ọ̀kan nínú àwọn àgbà ìjọ bi wá bóyá kì í ṣe ohun èṣù. A kò bínú sí i, nítorí pé ní àwọn ọdún 1980, ọ̀pọ̀ Kristẹni ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ó bẹ̀rù eré yìí fún ìdí kan náà. A pè é kí ó wá fi ojú ara rẹ̀ rí i. Ó wá, ó jókòó, ó wò wá títí, ó sì sùn lọ.

Ẹni tí ó bá ń ta ayò mọ ohun tí ó jókòó fún. Ihò 12 ni ó wà lójú ọpọ́n, ọmọ ayò 48 ni ó wà nínú wọn. Ẹni tí ó bá jẹ jù ni ọ̀ta, ẹni tí a jẹ ni ọ̀pẹ, kò sì sí àríyànjiyàn. Eré tí à ń wí yìí kò ní ọ̀ta, kò ní ọ̀pẹ. Ìhà kan náà ni gbogbo àwọn arìnrìn-àjò inú ìtàn wà, ìtàn náà sì lè gbà wọ́n ní oṣù mẹ́fà tàbí ọdún kan kí ó tó parí. Níbi tí kò ti sí ẹni tí yóò borí ẹnì kejì, olúkúlùkù ni ó ń gbé ohun tí ó ń wá láti ilé tirẹ̀ wá, kì í sì í sọ ọ́ jáde, nítorí ó rò pé ohun kan náà ni gbogbo ènìyàn ń wá. Ibẹ̀ ni ìṣòro wà. Bí ẹ bá sì wo ìtàn ìbí eré náà, ẹ ó rí i pé kò lè ṣe kí ó má rí bẹ́ẹ̀. Ọdún 1974 ni Gary Gygax àti Dave Arneson, ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ jáde. Àwọn méjèèjì ti ń ṣe eré ogun tẹ́lẹ̀, èyí tí a ń to ọmọ-ogun kéékèèké sórí tábìlì fún, tí a sì ń fi ìṣirò jà. Ṣùgbọ́n ní Minnesota, Arneson ti bẹ̀rẹ̀ sí darí èyí tí ẹnì kọ̀ọ̀kan kò fi darí ẹgbẹ́ ọmọ-ogun mọ́, bí kò ṣe ènìyàn kan ṣoṣo, tí ó ní orúkọ àti ìwà. Ìyá méjì ni ó bí eré yìí: ìṣirò ogun ni ọ̀kan, ìtàn pípa ni èkejì.

Ẹni mẹ́rin ni ó kọ́kọ́ jókòó ní pálọ̀ wa: ọmọ wa ọkùnrin, tí ó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìnlá nígbà náà, ọ̀dọ́mọkùnrin tí ń tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì, olùkọ́bìnrin kan, àti ọmọbìnrin kan tí ń kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán ní ṣọ́ọ̀bù tí ó kọjú sí ilé wa. Ọmọ ẹ̀gbọ́n wa ni ó darí wọn ní ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́. Nígbà tí ó padà sí Lọ́ńdọ̀nù ní oṣù Kìíní ọdún 2023, ó fi ìwé àti dáìsì sílẹ̀, wọ́n sì fi àwa jẹ olùdarí. Wọ́n ní àwa ni ó mọ ìtàn pa jù. Ìyìn yẹn ni ó kó bá wa.

Ìtàn tí a hun fún wọn ni ti ìlú kan tí odò rẹ̀ gbẹ ní ọ̀sán ọjọ́ kan ṣoṣo, tí ọba ibẹ̀ sì rán arìnrìn-àjò mẹ́rin lọ sí orísun odò láti wádìí. Ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì àkọ́kọ́, ọba bá wọn sọ̀rọ̀. Ní alẹ́ kejì, olórí àwọn ìjòyè bá wọn sọ̀rọ̀. Ní alẹ́ kẹta wọ́n jáde kúrò ní ìlú, ọdẹ arúgbó kan sì pàdé wọn ní ẹ̀bá ọ̀nà, òun náà bá wọn sọ̀rọ̀. Ohùn wa dùn mọ́ wa létí. Atẹ-dùùrù gbádùn rẹ̀ púpọ̀, nítorí ẹ̀dá ìtàn tirẹ̀ jẹ́ jagunjagun kan tí ó ti darúgbó. Ó ń wúkọ́, ó ń gbọ̀n lọ́wọ́, ó sì ń pe gbogbo wa ní ọmọ rẹ̀, àní àwa olùdarí pàápàá. Olùkọ́bìnrin ń béèrè irú òkúta tí ó wà ní ìsàlẹ̀ odò, àti ẹni tí ó kọ́ afárá orí rẹ̀. A dá a lóhùn díẹ̀, a sì tún padà sínú ọ̀rọ̀ ọdẹ. Ọmọbìnrin aránṣọ kò sọ ohunkóhun. Obìnrin tí ń gbé fìtílà ni ẹ̀dá ìtàn tirẹ̀, bí a bá sì ní kí ó ju dáìsì, yóò jù ú.

Ní ti ọmọ wa, ìwé kékeré kan ni ó ń kọ nǹkan sí. Ó ń béèrè iye ọfà tí ó kù. Ó ń béèrè iye ẹsẹ̀ bàtà tí ó wà láàrin igi kan àti èkejì. Ní alẹ́ kẹta yẹn, bí ọdẹ arúgbó ti ń sọ bí odò ti rí ní ìgbà èwe rẹ̀, ọmọ náà gbé ojú sókè, ó ní, “Bàbá, ìgbà wo ni a óò jà?”

A dá a lóhùn ní ojú gbogbo ènìyàn pé, “Ṣé ìjà nìkan ni orí rẹ mọ̀? Kò sí ohun mìíràn nínú ayé rẹ?”

Atẹ-dùùrù rẹ́rìn-ín. Ọmọ náà pa ìwé rẹ̀ dé. Ní ọjọ́ Ẹtì tí ó tẹ̀lé e, ó ní òun ní iṣẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ láti ṣe. Ní èyí tí ó tẹ̀lé e, ó tún ní iṣẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọ nílé mọ irú ìdákẹ́jẹ́ tí à ń wí: ó ń kí wa ní àárọ̀, ó ń dọ̀bálẹ̀ bí ó ti yẹ, ó ń gbé omi síwájú wa, kò sì ju bẹ́ẹ̀ lọ. Èyí rí bẹ́ẹ̀ fún oṣù kan àti ààbọ̀. Aya wa, tí kì í dá sí ọ̀rọ̀ eré náà rí, ni ó bi wá ní alẹ́ ọjọ́ kan pé, “Bàbá wọn, ṣé eré ni ẹ̀ ń ṣe pẹ̀lú wọn ni, àbí ìwàásù?” Inú bí wa sí ọ̀rọ̀ náà, bí inú ti máa ń bí ènìyàn sí òtítọ́.

Lẹ́yìn èyí ni a rí ìwé kékeré náà lórí àga. A kò tọrọ àyè kí a tó ṣí i. Ẹ̀ṣẹ̀ mìíràn ni ìyẹn. A rò pé a óò rí iye àwọn ọ̀tá tí ó fẹ́ pa. Ohun tí a rí ni pé ó ti la ojú ìwé kọ̀ọ̀kan sí mẹ́rin, ẹ̀dá ìtàn kan sí ìhà kọ̀ọ̀kan. Ní ìhà ti jagunjagun arúgbó ó kọ ọ́ pé: ìyè 7 nínú 12, kí ó máa wà lẹ́yìn. Ní ìhà ti obìnrin onífìtílà: òróró ku wákàtí 3, kí a ra sí i kí a tó wọ igbó. Ó yà àwòrán afárá, igi, àti òkúta, ó sì fi àmì sí ibi tí ẹnì kọ̀ọ̀kan yóò dúró bí ogun bá dé. Obìnrin onífìtílà ni ó máa ń fi sí àárín, níbi tí ọwọ́ ọ̀tá kò lè tó o. Òun fúnra rẹ̀ ni ó máa ń fi síwájú.

A ti pe èyí ní ìfẹ́ ìjà.

A pe ọmọ ẹ̀gbọ́n wa lórí fóònù, a sì ròyìn fún un. Ó sọ fún wa pé ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́. Ní ọdún 1980, nígbà tí eré náà kò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́fà lọ, Glenn Blacow kọ àròkọ kan sínú ìwé ìròyìn Different Worlds, ó sì pín àwọn tí ń ṣe eré yìí sí ọ̀nà mẹ́rin: àwọn kan ń wá agbára kún agbára fún ẹ̀dá ìtàn wọn, àwọn kan fẹ́ràn ọgbọ́n ogun, àwọn kan fẹ́ gbé ìwà ẹlòmíràn wọ̀, kí wọ́n máa sọ̀rọ̀ bí ẹni náà, àwọn kan sì fẹ́ kí ìtàn náà ní orí àti ìdí. Ní ọdún 2002, Robin Laws, ọmọ ilẹ̀ Kánádà, kọ ìwé kékeré kan fún àwọn olùdarí eré, irú ènìyàn kan sì wà nínú ìwé rẹ̀ tí a kò retí: ẹni tí kò wá nítorí eré náà rárá, bí kò ṣe nítorí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí ó wà níbẹ̀. Ó ní kí a má ṣe fi ipá fa irú ẹni bẹ́ẹ̀ síwájú. A kò fi gbogbo ara gba irú ìpín bẹ́ẹ̀, nítorí ènìyàn kì í ṣe iṣu tí a ń tò ní oríṣi-oríṣi. Olùkọ́bìnrin wa pàápàá, ní ọ̀sẹ̀ ìdánwò, kò béèrè òkúta kankan. Ó ní kí a fún òun ní ohun tí òun yóò lù. Síbẹ̀ ó dà bí ẹni pé àwọn òǹkọ̀wé wọ̀nyí ti wá sí pálọ̀ wa rí.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n wa tún ní, “Bàbá, ẹ bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n ń wá. Kí a tó bẹ̀rẹ̀ ni a máa ń bèèrè. Èmi ni kò sọ ọ́ fún yín.”

Nítorí náà a bi wọ́n, lọ́kọ̀ọ̀kan. Ti atẹ-dùùrù àti ti olùkọ́bìnrin kò yà wá lẹ́nu. Ọmọbìnrin aránṣọ náà ni a ti pinnu nínú ọkàn wa pé a óò mú kí ó máa sọ̀rọ̀; a ti ń ro ẹni tí yóò pàdé rẹ̀ lọ́nà, tí yóò fi ìbéèrè há a mọ́ igun. Ó wo ilẹ̀, ó ní, “Bàbá, láti àárọ̀ títí di alẹ́ ni wọ́n ń rán mi níṣẹ́. Ibí yìí nìkan ni mo ti ń jókòó tí ẹnikẹ́ni kò ní kí n dìde.” A kò há a mọ́ igun mọ́. A rántí ìyá ìyá wa nígbà tí ó bá ń pàlọ́. Àlọ́ àpamọ̀ ni ó fi ń bẹ̀rẹ̀, fún àwọn tí orí wọn yá. Lẹ́yìn náà ni àlọ́ àpagbè, kí àwọn tí ó ní ohùn lè gbe orin. Èyí tí ó kéré jù nínú wa a máa sùn sórí ẹsẹ̀ rẹ̀, kì í sì í jí i.

Ọmọ wa ni a bi kẹ́yìn. Kò rọrùn fún bàbá ní ilẹ̀ wa láti tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, a kò sì ṣe é dáradára. A jẹ́wọ́ pé a ti ka ìwé rẹ̀. A ní ìṣirò rẹ̀ péye, pé afárá kan ń bọ̀ níwájú, àti pé bí kò bá sí níbẹ̀, arúgbó náà yóò kú. Ó dákẹ́ títí. Ó wá ní, “Ẹ ṣé, Bàbá.” Ó wá ní ọjọ́ Ẹtì.

Ẹ má ṣe rò pé gbogbo rẹ̀ tò láti ìgbà náà. Ohun tí a kọ́kọ́ ṣe ni pé a pín alẹ́ sí wẹ́wẹ́ bí ẹni tí ń pín ẹran: ọ̀rọ̀ sísọ fún ìdajì wákàtí, ìwádìí fún ìdajì wákàtí, ogun fún ìdajì wákàtí. Ó burú jọjọ. Bí ọ̀kan ti ń jẹun ni àwọn yòókù ń wo ẹnu rẹ̀, atẹ-dùùrù sì ń wo aago. Olùkọ́bìnrin ni ó là wá lójú. Ó ní ní kíláàsì òun, òun kì í kọ́ ọlọ́gbọ́n ní tirẹ̀ kí òun tó kọ́ ẹni tí kò tètè mọ̀. Ìbéèrè kan náà ni òun ń gbé kalẹ̀, ṣùgbọ́n òun ń ṣe é ní èyí tí ó ní ilẹ̀kùn púpọ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe ṣe afárá náà. Àwọn ẹ̀ṣọ́ mẹ́fà wà ní òdìkejì, odò gbígbẹ wà nísàlẹ̀, a sì kọ àmì sára òkúta afárá. Arúgbó jagunjagun bọ́ síwájú, ó ń wúkọ́, ó ń béèrè lọ́wọ́ olórí ẹ̀ṣọ́ bóyá kì í ṣe ọmọ ọ̀rẹ́ òun. Bí ó ti ń fi ọ̀rọ̀ dá wọn dúró, ọmọ wa ń ka ẹsẹ̀ bàtà, ó ń to àwọn yòókù sí ipò wọn. Olùkọ́bìnrin ń ka àmì náà, ó sì rí i pé wọ́n kọ́ afárá yìí kí ó lè wó bí a bá yọ òkúta kan, òkúta náà sì ni odò dúró lé. Ohun gbogbo wá kù sí jíju dáìsì kan. Ọmọ wa ni ó tọ́ sí láti jù ú. Ó mú dáìsì olójú 20, ó nà án sí ọmọbìnrin aránṣọ, ó ní, “Ẹ bá wa jù ú.” Ó jù ú. Ó mú 3. Afárá wó pẹ̀lú gbogbo wọn lórí rẹ̀, omi sì ya dé bá wọn nísàlẹ̀. Ariwo ẹ̀rín tí wọ́n pa ní alẹ́ yẹn jí aya wa lójú oorun.

Ohun kan wà tí a kò lè ṣe aláìsọ. Ní àárín ọdún 2023, ọ̀dọ́mọkùnrin kan dara pọ̀ mọ́ wa tí ó jẹ́ pé ohun tí ó fẹ́ràn nínú eré ni kí ó máa jí ẹrù àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, kí ó sì máa tú àṣírí wọn fún ọ̀tá. Ó ní bí òun ti ń ṣe eré tòun nìyẹn, ṣé a kò sọ pé olúkúlùkù ni kí ó rí àyè? A fara dà á ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Nígbà tí ó da òróró onífìtílà nù, tí ọmọbìnrin náà sì dìde láti lọ sílé láìtíì tó àkókò, a sọ fún un pé onírúurú ìfẹ́ ni tábìlì wa lè gbà, ṣùgbọ́n kò lè gba èyí tí ìbànújẹ́ ẹlòmíràn jẹ́ oúnjẹ rẹ̀. Kò padà wá. A ṣì ń rò ó nígbà mìíràn bóyá a bá a sọ̀rọ̀ tó kí a tó dé ibẹ̀. Ó pẹ́ kí a tó bi òun léèrè ohun tí ó ń wá.

Ní ọdún 2024, àwọn arìnrìn-àjò náà dé orísun odò, ìtàn wa sì parí. Ọmọ wa ní òun fẹ́ darí ìtàn kan, kí àwa náà mú ẹ̀dá ìtàn bí àwọn yòókù. A gbà. Inú ihò abẹ́ ilẹ̀ ni ó mú wa wọ̀, ogun sì ni ní alẹ́ àkọ́kọ́, ogun ni ní alẹ́ kejì, ogun ni ní alẹ́ kẹta. Ó ti ṣírò gbogbo rẹ̀ dé ìdí. Àwọn yòókù ń gbádùn rẹ̀; àwa ń ju dáìsì nígbà tí ó bá kàn wá, a sì ń fi ọwọ́ bo ẹnu nígbà tí a bá ń yán.

Ní alẹ́ kẹrin, bí a ti yí igun kan nínú ihò náà, ó ní a rí ìyá arúgbó kan tí ó jókòó ti igbá ẹ̀kọ.

Olùkọ́bìnrin béèrè pé, “Ta ni yóò máa ta ẹ̀kọ níbi tí kò sí ènìyàn?”

Ọmọ náà ní, “Ó wà níbẹ̀ ni, mà.” Ó wá yíjú sí wa. “Bàbá, ó kí yín o.”

Kì í ṣe ọmọ tí ó mọ ọ̀rọ̀ sọ, kò sì mọ ohùn yí padà. Ohùn rẹ̀ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń di ti àgbà ni ó fi ń dáhùn fún ìyá náà, gbólóhùn kan, gbólóhùn kan. A bi ìyá náà léèrè ilé rẹ̀. A bi í léèrè àwọn ọmọ rẹ̀. Atẹ-dùùrù fẹ́ kí arúgbó rẹ̀ dá sí i, ọmọbìnrin aránṣọ sì fi ọwọ́ kàn án ní apá kí ó dákẹ́. A wá bi ìyá náà léèrè iye tí ó ń ta ẹ̀kọ. Ọmọ wa ṣí ìwé kékeré rẹ̀, ó fi ìka wá a lójú ìwé. Ó ti kọ iye rẹ̀ sílẹ̀.